Òròmọdìyẹ Tí Kò Ní Orúnkún

Ní ìlú tí mo wà yìí, wọn kì í kí ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Inú páálí ni wọ́n ń kó ìkíni sí. Wọ́n á gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó bá fẹ́ kí ìyá rẹ̀ á lọ ra tiẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má rò pé mò ń ṣàwàdà. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn. Èmi tí mo ta abọ́ oníke àti bàtà rọ́bà ní Ṣakí, tí mo ná ọjà Ìwéré-Ilé, tí mo ná ti Ìgbẹ́tì, tí ẹnu mi mú bí abẹ tuntun, èmi náà ni mo wá dúró nínú ilé ńlá kan ní Ìlú Ọba, ilé tó tutù bí inú firíìsà ẹlẹ́ja, tí mò ń di káàdì ìkíni fún àwọn Òyìnbó.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mi ò tíì gbọ́n. Gbogbo ẹni tí mo bá pàdé lójú ọ̀nà ni mò ń kí. Ṣé ẹ mọ̀ pé nílé, bí o bá kọjá lára àgbàlagbà láìkí i, kí o tó délé, ẹjọ́ rẹ á ti ṣáájú rẹ débẹ̀. Mo bá ń rọra tẹ orúnkún, mo ń fi ìwọ̀nba Gẹ̀ẹ́sì tí mo ní kí wọn kú àárọ̀, kú òtútù, kú ìrìn. Bàbá arúgbó kan wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni mò ń bá wí. Obìnrin kan fa okùn ajá rẹ̀ mọ́ra. Ajá yẹn ló dá mi lóhùn. Ó gbó, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, torí òun nìkan ló ní ẹ̀kọ́ ilé nínú gbogbo àdúgbò.

Ìgbà tí mo ríṣẹ́ sí ilé káàdì lọ̀rọ̀ wá yé mi. Káàdì wà fún ọjọ́ ìbí, ó wà fún ilé tuntun, ó wà fún ẹni tó kán lẹ́sẹ̀, ó wà fún ẹni tí ológbò rẹ̀ kú. Mo gbé ti ológbò yẹn sókè, ẹ̀rín gbé mi.

Bùréńdà, obìnrin tó máa ń dúró lápá ọ̀tún mi, tó ti pẹ́ níbẹ̀ ju ẹ̀rọ ibẹ̀ lọ, bi mí pé, "Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?" Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́ o, ẹnu ara mi ni mo fi ń ròyìn rẹ̀ fún yín.

Mo ní, "Ẹ ò kí mi láàárọ̀, ẹ wá ń kí ológbò."

"Ológbò kì í dá sí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀," ni Bùréńdà wí. "Ìwọ ò mọ̀ jù kó o dá sí i lọ."

Láti ọjọ́ náà la ti dọ̀rẹ́.

Nínú gbogbo káàdì wọ̀nyẹn, ọ̀kan wà tó ń tà wàràwàrà. Òròmọdìyẹ kékeré kan ni, ó rí roboto bí ọsàn, ó fi síkáàfù wé ọrùn, ó wọ bàtà tó tóbi jù ú lọ. Abẹ́ ikùn rẹ̀ gan-an ni bàtà ọ̀hún lẹ̀ mọ́. Kò sí itan, kò sí orúnkún. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, bí a bá túmọ̀ rẹ̀, Èérún ni, bí èérún búrẹ́dì. Bó bá di ìparí ọdún, òun nìkan la ó máa dì títí apá á fi máa ro wá: Èérún nínú yìnyín, Èérún lábẹ́ igi Kérésì, Èérún tó gbé ẹ̀bùn dání. Èmi Mùsùlùmí, tí ilé bàbá mi àti mọ́ṣáláṣí jọ pín ògiri, èmi ni mò ń kó Kérésì sínú páálí. Mo sọ fún Bùréńdà pé bí Ọlọ́run bá bi mí, màá ní ọjà ni mò ń dì, mi ò bá wọn jẹ ẹ́. Ó ní òun rí mi tí mo jẹ kéèkì.

Ohun tó kọ́kọ́ dùn mí níbí kì í ṣe òtútù. Orúkọ ni. Ní Ṣakí, kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ mi àfi ìyá mi. Ìyá Àníkẹ́ ni gbogbo ọjà mọ̀. Ìyá Àníkẹ́, ẹ kú ọjà. Ìyá Àníkẹ́, ẹ dín in fún wa, ẹ̀yin náà ẹ wojú wa. Níbí, ọmọ tí kò tíì hu irùngbọ̀n á dúró níwájú mi, á pe orúkọ tó wà nínú ìwé ìrìnnà mi gbangba, bí ẹni pé ó wà níbi ìkómọ mi. Bí mo bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, mo máa ń rò ó pé bí mo bá ṣubú sójú ọ̀nà yìí, wọ́n á mọ orúkọ mi, wọn ò ní í mọ̀ pé ìyá ẹnìkan ni mí.

Ó sì wá jọ pé ọmọ náà fúnra rẹ̀ ti ń gbàgbé.

Mo fi Àníkẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti bá tiẹ̀ lọ sí Ìgbòho, ó lọ fẹ́ ìyàwó tí kì í fèsì. Kí Ọlọ́run bá wọn ṣe é. Ètò wa ni pé bí ìwé tí ọmọ máa fi wọ Ìlú Ọba bá ti jáde, á wá bá mi. Ìwé jáde. Inú mi dùn débi pé mo jó fún ẹ̀rọ tó ń lẹ páálí. Mo pe ilé.

Mo gbọ́ tí ìyá mi ní, "Àníkẹ́, wá kí mọ́mì rẹ."

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ náà tó ń wọ́ ruruuru bọ̀. "Ẹ káàsán, Àǹtí."

"Àǹtí kẹ̀? Ìyá rẹ ni mí."

"Ẹ káàsán mà."

"Ìwé rẹ ti jáde o. Ó kù díẹ̀ kó o wá bá mi níbí."

Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń dá abọ́ tó ti sán padà fún ọlọ́jà, pé, "Mi ò lọ." Kí n tó mí, fóònù ti padà sọ́wọ́ ìyá mi.

"Ṣé o gbọ́?" ni ìyá mi wí. "Bó ṣe ń wí nìyẹn láti àná. Ó ní òun ò mọ̀ ọ́."

"Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀, Ìyá."

"Mo ti bá a sọ ọ́. Ìwọ náà gbọ́ tèmi. Mi ò ní í di ọmọ ènìyàn tọwọ́ tẹsẹ̀ sínú bàálù bí ewúrẹ́ ọjà Ìwéré-Ilé. Bó bá fẹ́ wá, á wá. Bí kò bá fẹ́, á dúró tì mí. Ọ̀rọ̀ mi ò jù báyẹn lọ."

Mo mọ ìyá mi. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ní èdínwó.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe gbogbo ohun tí ọlọ́jà mọ̀. Mo fi aṣọ ránṣẹ́, mo fi ọmọláńgidi ránṣẹ́, mo fi súìtì. Ohun tó bá dé, á gba fóònù, á ní, "Ẹ ṣé, Àǹtí," á tún lọ. Mo ti ta bàtà fún ẹni tó wá ra abọ́ rí. Mo ti ta abọ́ fún ẹni tó wá bi mí lọ́nà ilé ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ta ìyá fún ọmọ lórí fóònù, mi ò kọ́ ọ.

Ọjọ́ kan, lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, ojú Bùréńdà fà ro. Eyín ló ń dùn ún. Kí n lè pa á lẹ́rìn-ín ni mo gbé páálí Èérún kan lé orí, mo sì ń polówó rẹ̀ káàkiri àárín tábìlì, mo fi Gẹ̀ẹ́sì lú Yorùbá: òròmọdìyẹ rèé o, kì í jẹ àgbàdo, kì í ṣu sílé, àṣá ò lè gbé e, ẹ fi kí ìyá ọkọ yín, ẹ fi kí ọ̀tá yín, ẹni tí ò bá ní ẹni tó máa kí, kó ra tiẹ̀ kó fi kí ara rẹ̀. Bùréńdà rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Gbogbo wọn ń lu tábìlì. Lójijì ni wọ́n dákẹ́. Mo yíjú padà. Ọ̀gá wa dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú obìnrin kan tí mi ò rí rí.

Obìnrin náà ní, "Ta ló ń pariwo yẹn?"

Mo rọra sọ páálí kalẹ̀. Mo ti ń wo ibi tí mo fi kóòtù mi kọ́ sí, torí mo mọ̀ pé iṣẹ́ ti bọ́.

Àṣé Kéètì ni wọ́n ń pe obìnrin náà. Òun ni olórí àwọn tó ń sọ Èérún di kàtúùnù tí wọ́n fẹ́ fi han àwọn ọmọdé lórí tẹlifíṣọ̀n ní ìparí ọdún. Ó wá wo àwọn káàdì àtijọ́ ni. Ó ní ọjà kan wà nínú fíìmù náà, àárín yìnyín ni, ìyá arúgbó kan tó jẹ́ ẹtù sì ń tajà níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó ti gbìyànjú ohùn ẹtù yẹn, bí olùkọ́ ni wọ́n ń dún.

"Ṣé wàá lè wá pariwo báyẹn sínú ẹ̀rọ fún wa?"

Mo bi í bóyá wọ́n á sanwó ariwo. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Bùréńdà ní ayé ti bàjẹ́, ohun tí wọ́n fi ń lé èèyàn lẹ́nu iṣẹ́ láyé àtijọ́ ni wọ́n fi ń gba èèyàn síṣẹ́ báyìí.

Kéètì wá sọ ìtàn náà fún mi. Èérún ní káàdì kan lọ́wọ́ tó fẹ́ fún ènìyàn. Ó ń kí gbogbo ẹni tó bá pàdé lójú ọ̀nà, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, títí ó fi dé ọjà, tí ẹtù arúgbó fi jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa dá a lóhùn. Mo bi Kéètì pé ta ló sọ ìtàn mi fún un. Ó rò pé àwàdà ni.

Mo pe ìyá mi pé èmi náà ti dé orí tẹlifíṣọ̀n.

"Kí lo fẹ́ ṣe níbẹ̀?"

"Ẹtù ni màá jẹ́."

Ó ní, "O lọ sílùú Òyìnbó, o wá lọ di ẹtù."

"Kàtúùnù ni, Ìyá. Ohùn mi nìkan ni."

"Ẹtù náà ni ṣá. Ṣé wọn ò rí ẹyẹ mìíràn fún ọ ni? Ọ̀kín ńkọ́?"

Mo bẹ̀ ẹ́ pé bí fíìmù bá jáde, kó jẹ́ kí Àníkẹ́ wò ó. Mi ò sọ ohun tó wà nínú mi tán fún un. Mo rò pé bí ọmọ bá gbọ́ ohùn mi níbi tí inú rẹ̀ ti ń dùn, bóyá ohùn náà á mọ́ ọn lára, tí kò ní í máa sá fún un lórí fóònù mọ́.

Yàrá tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀ dà bí inú ṣọ́ọ̀bù oníbẹ́ẹ̀dì. Fóòmù ni wọ́n lẹ̀ mọ́ gbogbo ara ògiri. Mo ń retí ọmọ kékeré tó máa ṣe Èérún. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan ló wọlé, irùngbọ̀n rẹ̀ dé àyà bíi ti àfáà wa. Ó la ẹnu, ohùn òròmọdìyẹ ló jáde. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ọmọ kan fara pamọ́ síbẹ̀.

Ìpolówó ọjà kò yọ mí lẹ́nu rárá. Mo ta ohun gbogbo tó wà lórí àtẹ ẹtù yẹn, mo fi ti ẹlòmíràn kún un. Ibi ìkíni ni wàhálà ti dé. Onírùngbọ̀n sọ tiẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Ìyá Ẹtù." Ó kàn mí. Mo dákẹ́. Ó tún un sọ. Mo ṣì dákẹ́.

Kéètì bá mi sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn gíláàsì. "Ìwọ ló kàn."

"Mo mọ̀. Mò ń dúró ni."

"Kí lò ń dúró dè?"

"Kó kí mi tán."

"Ó ti kí ọ."

"Ẹnu nìkan ló fi kí mi. Ẹ wò ó nínú àwòrán, ó ṣì dúró gangan bí òpó iná. Ẹ sì ní ọmọdé ni."

Kì í ṣe pé mo fẹ́ ṣagídí o. Mo la ẹnu láti fèsì, ohùn ò jáde ni. Láti kékeré, bí orúnkún ọmọ ò bá tíì tẹ̀, ọ̀fun wa nílé ò mọ̀ pé ìkíni ti dé. Bí mo ṣe ń wo àwòrán Èérún tí wọ́n gbé sójú gíláàsì, tó dúró ṣánṣán, tó ń wò mí, ńṣe ló dà bí ẹni tó kọjá lára mi láìkí mi.

Kéètì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Kò ní orúnkún," ló wí. "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń yà á, kò ní orúnkún rí."

Mo ní, "Ìyẹn ni wọn ò ṣe dá a lóhùn lójú ọ̀nà."

Onírùngbọ̀n kò bá wa jiyàn. Ó dìde lórí àga, ó kúnlẹ̀ gbì sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ìdọ̀bálẹ̀ ló tọ́ sí ọkùnrin, àmọ́ mo forí jì í, torí òròmọdìyẹ ò tíì mọ̀ bóyá akọ lòun tàbí abo. Ó gbójú sókè, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Ìyá Ẹtù."

Ohùn mi já. Kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ síwèé ló jáde.

"Ẹ̀ẹ̀ẹ̀, káàárọ̀ ọmọ mi. Àníkẹ́, ọmọ ọ̀nà Ìgbẹ́tì, abí-sójò-má-tutù, ṣé dáadáa lo jí? Dìde ńlẹ̀, má jẹ̀ẹ́ kí òtútù mú ọ."

Ó yẹ kí n ṣàlàyé fún yín. Inú bọ́ọ̀sì ni mo bí Àníkẹ́ sí nígbà tí mò ń ti ọjà Ìgbẹ́tì bọ̀. Òjò ń rọ̀, òrùlé bọ́ọ̀sì ń jò, àwọn obìnrin ọjà fi abọ́ oníke mi bo ọmọ títí a fi délé. Èmi ni mo fi ìyẹn kún oríkì rẹ̀. Bí ìyá mi ṣe ń jí i láràárọ̀ títí dòní nìyẹn. Bí ọmọ bá kúnlẹ̀ kí mi, òun náà ló máa ń wá sí mi lẹ́nu. Mi ò ní ìdáhùn mìíràn fún ọmọ.

Mo ní kí wọ́n máà bínú, mo tún sọ ti Gẹ̀ẹ́sì. Kéètì gba méjèèjì sílẹ̀, kò sọ èyí tó máa lò.

A wá ń retí. Àwọn kan nílé máa ń bi mí bóyá mo ti di Òyìnbó. Èèyàn tó kúrò nílé dà bí ọjà tó kọjá bodè: níbi tó ti wá, wọ́n ní ó ti lọ, níbi tó lọ, wọ́n ní àjèjì ni. Àárín bodè ni owó orí rẹ̀ pọ̀ sí. Síbẹ̀, mò ń ṣẹ́gun díẹ̀díẹ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń ta ata tó ta. Bàbá arúgbó tó wẹ̀yìn wò nígbà yẹn ti ń ṣí fìlà fún mi báyìí, ó tilẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Mo ń ka ìyẹn mọ́ ẹbí.

Ọjọ́ tí wọ́n fi fíìmù náà hàn, ọ̀gá wa gbé tẹlifíṣọ̀n wá síbi tí a ti ń jẹun. Ẹtù yọ. Ẹ ò ní í gbà mí gbọ́: wọ́n we gèlè fún un, gèlè náà sì rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí èmi ṣe máa ń wé tèmi. Ó polówó ọjà títí yìnyín fi ń bọ́ lórí igi. Èérún dé iwájú rẹ̀. Mo di tábìlì mú. Gbogbo ara òròmọdìyẹ yẹn rì wọnú bàtà ńlá rẹ̀, rì, rì, títí ó fi ku síkáàfù àti ojú nìkan. Wọ́n ti bá a wá ọ̀nà tó máa fi kúnlẹ̀. Yorùbá mi wá bú jáde, pátápátá, ọ̀nà Ìgbẹ́tì, òjò, gbogbo rẹ̀, nínú tẹlifíṣọ̀n Ìlú Ọba.

Bùréńdà gbá mi lẹ́yìn débi pé mo wúkọ́. Ẹnu ya èmi náà, mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín, imú mi ń ṣe tiẹ̀.

Kéètì fi fíìmù náà ránṣẹ́ sí fóònù mi, èmi náà fi ránṣẹ́ sí ti ìyá mi. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ṣakí ní ìwà tirẹ̀. Ìyá mi ní láti gun àpáta ẹ̀yìn ilé kí fíìmù tó wọlé sórí fóònù rẹ̀. Mo dúró, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì, bí a ṣe ń jẹun lọ́sàn-án, fóònù mi dún. Kì í ṣe ìyá mi.

"Ẹ káàsán." Kò fi Àǹtí kún un. Mo ṣàkíyèsí ìyẹn.

"Káàsán, ọmọ mi. Ṣé o wò ó?"

"Ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń ṣe ẹtù?"

"Èmi ni."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi pe òròmọdìyẹ yẹn ní Àníkẹ́?"

Ẹ̀rín ni mo retí, mi ò retí ẹjọ́. "Ó kúnlẹ̀ kí mi ni."

"Èmi náà ń kúnlẹ̀. Ẹ bi Màmá." Ohùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n. "Kì í ṣe ọmọ ọ̀nà Ìgbẹ́tì. Inú ẹyin ló ti jáde. Wọn ò bí i sínú òjò. Èmi ni wọ́n bí sínú òjò."

"Òótọ́ lo sọ."

"Ta ló wá bí i fún yín?"

"Kò sẹ́ni tó bí i fún mi. Ìwọ nìkan ni mo bí."

"Ẹ gba oríkì mi lọ́wọ́ rẹ̀."

Mo gbọ́ ẹ̀rín ìyá mi lẹ́yìn. "Ó ti ń lé adìyẹ kiri látàárọ̀," ló ń pariwo. "Kò jẹ́ kí ẹyọ kan ó jẹun nínú ilé yìí."

Mo jókòó sórí páálí. Mo rọra fọ ọ̀fun mi bí ẹni tí oníbàárà ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró níwájú àtẹ rẹ̀.

Mo ní, "Àníkẹ́, mi ò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ o. Gbogbo ibí ló ti gbọ́. Wọ́n rò pé òun ni Àníkẹ́. Àfi kí ẹni tó ni ín wá fúnra rẹ̀, kí wọ́n rí i."

Mo gbọ́ ọkadà kan tó kọjá níwájú ilé wa, mo gbọ́ adìyẹ kan tó ké, bóyá Àníkẹ́ ta á nípàá ni.

"Màmá ńkọ́?"

"Àá máa pè é lójoojúmọ́. Bí ìsinmi bá dé, àá lọ bá a."

"Ṣé ẹ ó máa fi jí mi láàárọ̀?"

"Títí ohùn mi á fi há."

"Ṣé òtútù ibẹ̀ pọ̀ bíi ti inú fíìmù yẹn?"

"Ó mọ níwọ̀n," ni mo wí. Ọlọ́run á dárí jì mí.

Ó tún rò ó wò. "Ẹ ra súwẹ́tà dè mí. Pupa ni o. Mi ò fẹ́ búlúù."

Ìyá mi gba fóònù. "Kí lo sọ fún ọmọ yìí? Ó ti lọ ń da aṣọ rẹ̀ sílẹ̀."

Mi ò ráyè dá a lóhùn, mo ti ń ki ọwọ́ bọ kóòtù. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tajà. Ẹni tí kò ní í rà á, á ní kò dára, á máa bá tiẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ti ń ṣa àwọ̀, ó ti rà á tán.

Bùréńdà ní, "Ibo lò ń sáré lọ? Oúnjẹ rẹ ń tutù."

Mo ní, "Ibo ni wọ́n ti ń ta súwẹ́tà ọmọdé? Pupa ni mò ń wá."